Àgbá Kẹrìnlá ní Doringhoek

Ọwọ́ Màdámù Retha dúró lójijì. Ó ti tọ́ àgbá mẹ́tàlá wò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnu kan péré láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tu ún sínú garawa. Nígbà tó kan àgbá kẹrìnlá, ó di wáìnì náà mọ́ ẹnu, ó pa ojú dé. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo dà síbẹ̀.

Oko àjàrà Doringhoek, lẹ́yìn ìlú Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà, ni wọ́n bí mi sí. Wáìnì pupa kan ló sọ oko náà di olókìkí. Àjàrà Cabernet ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n á wá po àjàrà Merlot díẹ̀ mọ́ ọn. Ọgbọ̀n ọdún ni ìyá mi àgbà fi gé ẹ̀ka àwọn àjàrà yẹn, kò sì tọ́ wáìnì náà wò títí ó fi kú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde girama ni. Màdámù Retha, tó ń po wáìnì náà, ṣèlérí pé bí mo bá ṣiṣẹ́ dáadáa nílé àgbá nígbà ìsinmi, òun á rán mi lọ yunifásítì kí n kọ́ṣẹ́ òun.

Igi àgbá a máa mu wáìnì díẹ̀díẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa fi irú wáìnì kan náà kún un kí afẹ́fẹ́ má baà bà á jẹ́. Bàbá Floors, olórí ilé àgbá, ti kìlọ̀ fún mi. "Roslyn, imú kọ́kọ́, kí ọwọ́ tó tẹ̀lé e. Àwọn kẹ́ẹ̀gì wáìnì yìí jọra bí ìbejì."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

Irọ́ ni. Orin ló kún etí mi. Ìgbà tí mo dà á tán ni òórùn ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé Pinotage, wáìnì àjàrà mìíràn, ni mo dà sínú Cabernet. Mo fi ìdérí dé àgbá náà, mo panu mọ́. Lítà márùn-ún péré, nínú igba ó lé. Ta ló máa mọ̀?

Màdámù Retha mọ̀. Ẹ̀rù bà mí, orí mi sì wú. Irú ahọ́n wo lèyí?

"Ta ló kún eléyìí?"

Bàbá Floors ò wo ọ̀dọ̀ mi. "Èmi ni, mà. Ojú ti ń dàgbà."

"Ogójì ọdún, ẹ ò ṣe báyìí rí." Ohùn Màdámù lọ sílẹ̀. "Bí ojú yín ò bá ríran mọ́, Bàbá, mi ò lè jẹ́ kí ẹ máa wọ ibí mọ́."

Bàbá Floors kàn mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú épírọ́ọ̀nù ìdí rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, yunifásítì ti di tèmi. Bàbá yẹn ń fa okùn náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò rí i tú.

"Èmi ni, mà," ni mo wí. "Mi ò gbóòórùn rẹ̀ kí n tó dà á. Mo sì mọ̀, mo dákẹ́."

Màdámù Retha fi ṣọ́ọ̀kì fa àgbélébùú sára àgbá náà. Kò ní bá àwọn yòókù wọ ìgò. "Ìwọ náà ò ní lọ sí yunifásítì lọ́dún yìí. Ọdún kan gbáko ni wàá fi kún àgbá lọ́dọ̀ Bàbá. Lẹ́yìn náà, a ó tún sọ ọ́."

Mo sunkún débi tí ojú mi wú. Mo bi Bàbá Floors ìdí tó fi gba ẹ̀bi náà.

"Ìyá rẹ àgbà fi ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ wáìnì yẹn. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nílé yín mọ bó ṣe rí lẹ́nu." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé imú ti wá ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n po ti ọdún yẹn tán, Màdámù pè mí, ó bu ẹnu kan fún mi. Mo rò pé adùn ni màá kọ́kọ́ gbọ́. Òkè tó wà lẹ́yìn oko wa ni mo gbọ́, òkúta rẹ̀ lẹ́yìn òjò, àti èso tó pọ́n dénú. Kò sì tètè lọ lẹ́nu. Ọwọ́ ìyá mi àgbà wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, lítà márùn-ún ò rí ibi sá pa mọ́ sí nínú igba, àṣìṣe tí a bò mọ́lẹ̀ náà ò ní rí. Ẹ tètè jẹ́wọ́ tiyín, kí àgbàlagbà kan má baà tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀ nítorí yín.