Ọwọ́ Tó Ń Dúró De Ẹsẹ̀

Ọwọ́ ni Rìnsọ́lá kọ́kọ́ rí. Ọwọ́ ọkùnrin kan, lókè, nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Tremont, ó ń gbọ̀n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ewé tí kò tíì fẹ́ já. Ọkùnrin náà di ojú, ìwé orin wà lórí itan ẹ̀. Gbogbo èèyàn ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn ará New York, wọn kì í bi ẹni tó bá ń dá nǹkan ṣe. Wọ́n á kàn sá ni.

Rìnsọ́lá ò sá. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú níṣẹ́, kí ni ojú ẹ̀ ò tíì rí? Ó ka orúkọ tó wà lára ìwé: Lékè Olúsànmí. Háà, ọmọ ilé!

"Bọ̀dá, ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọbìnrin kan fò sókè, kò tíì balẹ̀."

Rìnsọ́lá wo òrùlé ọkọ̀. "Ọmọbìnrin wo?"

Lékè lajú, ó rí i, ọwọ́ ẹ̀ sì já bọ́.

"Ẹ ti jẹ́ kó ṣubú báyìí," ni Rìnsọ́lá wí.

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ o!"

Ẹ̀rín pa wọ́n títí wọ́n fi kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n sọ̀.

Iṣẹ́ Lékè rèé: òun ló ń darí ọgọ́ta olórin fún àwọn oníjó báléètì, àwọn tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ jó. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi tẹ dùùrù fún wọn nínú yàrá ìdánrawò kí wọ́n tó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń darí orin lé e lọ́wọ́. Àwọn adarí yòókù, orin ni wọ́n ń wò. Òun, ẹsẹ̀ ló ń wò. Bí oníjó bá fò, orin á dúró dè é lófuurufú. Wọ́n á sì jọ balẹ̀.

"Onígi mi," ni Rìnsọ́lá ń pè é.

"Ẹlẹ́sẹ̀ ire mi," ni òun náà ń dáhùn.

Wọ́n pinnu láti fẹ́ra wọn, gbogbo èèyàn sì gbà, àfi Bàbá Titus Ògúnbíyìí, bàbá Rìnsọ́lá, ní àdúgbò St. Albans. Ìyá Rìnsọ́lá ti kú, ọmọ náà sì ti búra: bí ọwọ́ Dádì òun ò bá kan orí òun, òun ò ní wọlé ọkọ.

"Kí ló ń fọn?" Bàbá bèèrè.

"Kò fọn nǹkan, Dádì."

"Kí ló ń lù?"

"Kò lu nǹkan."

"Àwọn tó ń fọn ń làágùn, òun ń ju igi! Ó tún kẹ́yìn sí àgbà tó sanwó wọlé! Rìnsọ́lá, rárá."

Rìnsọ́lá sunkún. Lékè nu ojú ẹ̀. "Jẹ́ ká dúró de Bàbá. Ṣebí iṣẹ́ mi ni."

Ọjọ́ Ìkórè dé ní ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá, Lékè náà wá. Wọ́n pe Bàbá Titus kó jó lọ síwájú pẹpẹ. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúnkún tuntun sí i lẹ́sẹ̀, Bàbá sì ní òun ò ní fi ọ̀pá jó níwájú Ọlọ́run. Àwọn akọrin gbé orin:

*Díẹ̀díẹ̀ la ó dé o,*
*Ilé Baba wa ò sá lọ.*

Orin díẹ̀díẹ̀, wọ́n wá ń kọ ọ́ bí ẹni tí ajá ń lé! Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan, orin ti lọ. Ó gbé èkejì, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Rìnsọ́lá dìde, Bàbá fi ojú dá a padà.

Ni Lékè bá jáde sáàárín ìjọ, lẹ́yìn Bàbá, ó kẹ́yìn sí gbogbo ayé, ó gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ inú ọkọ̀ ọjọ́sí yẹn. Àwọn akọrin rí i, ohùn wọn dúró lókè. Ẹsẹ̀ Bàbá balẹ̀, ọwọ́ balẹ̀. Díẹ̀... ẹsẹ̀. Díẹ̀... ẹsẹ̀.

Bàbá fura. Ó gbé ẹsẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e dúró. Orin dúró dè é! Ó bú sẹ́rìn-ín, ó jó dé pẹpẹ, ó yíjú padà. Ó rí ọkùnrin náà: kò wo ìjọ, kò wo akọrin. Àtẹ́lẹsẹ̀ òun ló tẹjú mọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, Lékè dọ̀bálẹ̀.

"Ìwọ lo dá orin dúró?"

"Ẹsẹ̀ yín ló dá a dúró, sà. Mo kàn tẹ̀lé e ni."

"Ọmọ mi yìí máa ń pẹ́ kó tó múra tán o."

"Màá dúró dè é, sà."

Bàbá gbé ọwọ́ lé orí Rìnsọ́lá tó kúnlẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí àwọn méjèèjì mú un lápá, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó dúró.

"Ọkọ ọmọ mi, mo wà lókè o. Gbé orin!"