Lándírófà Ilé Ìgbẹ̀bí Àkànrán

Àwọn obìnrin tó ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ ló kọ́kọ́ rí Lándírófà ilé ìgbẹ̀bí Àkànrán, tó ti imú bọ inú odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni, lọ́dún 1964. Ọkọ̀ náà ti lo ọdún mọ́kànlá, kò sì sí abúlé kan lágbègbè náà tí kò mọ ohùn rẹ̀ bó bá ń bọ̀ lókèèrè. Akínwándé tó ń wà á ṣì jókòó sídìí ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà lórí búrékì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀mí lára rẹ̀ mọ́.

Kí oòrùn tó mú, ìlú ti dá ẹjọ́ tirẹ̀. Búrékì kò mú, Lazarus mẹkáníìkì ló sì tún búrékì náà ṣe ní ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Kí ló tún kù láti wádìí? Àwọn ọ̀dọ́ ti ń kó igi jọ láti dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí àwọn ọlọ́pàá lọ gbé e, wọ́n sì tì í mọ́lé. Àtìmọ́lé ọ̀hún ni kò jẹ́ kí wọ́n pa á.

Ní ọjọ́ kejì, Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọláníran dé láti Ìbàdàn. Ọkùnrin gíga, tín-ín-rín ni. Ohun tí gbogbo ènìyàn bá ti fẹnu kò lé lórí ni òun máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ìwà yìí ló sọ ọ́ di ògbóǹtarìgì lẹ́nu iṣẹ́, òun náà ni kò sì jẹ́ kó ní ọ̀rẹ́ púpọ̀.

Ìyá arúgbó kan tó wọ aṣọ àdúrà funfun ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá kó tó débẹ̀. Ọmọ́ṣọlá lorúkọ rẹ̀, òun ni ìyá Akínwándé. Bó ṣe rí Ọláníran, ó dìde, ó fa ìgò pẹlẹbẹ kan yọ láti abẹ́ aṣọ rẹ̀, ó da òróró díẹ̀ sí àtàǹpàkò, ó sì fi ya àgbélébùú sí iwájú orí ìnsípẹ́kítọ̀ láìtọrọ àyè. Òróró náà ń ta sánsán lọ́fínńdà.

"Kí Ọlọ́run là yín lójú," ni ìyá náà wí. "Mẹ́fà ni mo bí. Òun nìkan ló kù fún mi. Ẹni tó pa á, ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kó lọ."

Ọláníran kì í ṣèlérí lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ìyá náà ti gbẹ débi pé kò lè wò ó pẹ́.

"Ìyá, mo ṣèlérí fún yín. Ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́, màá mú un."

Ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú Lazarus wá. Èékánná ọkùnrin náà dúdú fún gírísì, ojú rẹ̀ sì ti wú.

"Ọ̀gá, rọ́bà búrékì tuntun ni mo fi sí i," ni Lazarus wí. "Inú páálí kan náà ni mo ti mú èyí tí mo fi sí ọkọ̀ Jìmí ní Ẹ̀rúnmu. Ẹ lọ wò ó."

"Kí lo fi fọ̀ ọ́?"

"Epo búrékì nìkan. Ọ̀gá, kò sí epo mìíràn tó gbọ́dọ̀ kan rọ́bà búrékì. Pẹtiróò ò gbọ́dọ̀ kàn án, epo ẹ́ńjìnì ò gbọ́dọ̀ kàn án, àní epo tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ gan-an ò gbọ́dọ̀ kàn án. Bó bá kàn án, á wú, á rọ̀, á sì fàya. Ọdún méje ni mo ti ń tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ó ń fẹ́ ìkẹ́. Ṣé èmi ni màá wá pa ẹni tó ń wà á?"

"Áńbúrékì ńkọ́? Wọ́n ní Akínwándé ti fà á sókè tán."

"Áńbúrékì ti jẹ tán láti ọdún tó kọjá. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, pé èyí tuntun ń bọ̀ láti òkè òkun."

Nọ́ọ̀sì Olúfúnmi ni olórí ilé ìgbẹ̀bí náà. Obìnrin tó máa ń pàṣẹ ni. Ó ní lọ́jọ́ Túsìdeè, Akínwándé sọ fún òun pé búrékì ń di ọkọ̀ mú fúnra rẹ̀, táyà sì ń gbóná.

"Ó ní òun fẹ́ gbé e padà sọ́dọ̀ Lazarus. Mo ní kó fara dà á di Fúráìdé, torí obìnrin kan ń rọbí lókè odò. Ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn ló ń lọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀." Ó pa ojú dé. "Èmi ni mo ní kó fara dà á."

"Ta ló ń súnmọ́ ọkọ̀ náà?"

"Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Bí kò bá sí nínú ọgbà wa, á wà níwájú ilé ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà láti Sátidé di Mọ́ńdè."

Ó wá ku Jìmí, tí ìlú ń dárúkọ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Òun ló ń wa Lándírófà náà tẹ́lẹ̀, kí ọtí tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ẹ̀rúnmu ni Ọláníran ti bá a, lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó bíi ti ilé ìgbẹ̀bí.

"Mi ò fẹ́ràn Akínwándé, n kò ní parọ́ fún yín, ọ̀gá," ni Jìmí wí. "Ó jókòó sórí àga mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Sátidé títí di àná, Alákìá ni mo wà, níbi tí mo ti ń kó yẹ̀pẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ọ̀nà. Ọ̀gá tó ń darí wa níbẹ̀ kì í fi wákàtí kan jì mí."

"Tú táyà ẹ̀yìn yìí fún mi."

Jìmí kùn, ṣùgbọ́n ó tú u. Rọ́bà búrékì inú rẹ̀ le dáadáa, ó ń dán. Inú páálí Lazarus náà ló ti wá. Ọláníran gba Alákìá kọjá, ó bi wọ́n léèrè, wọ́n sì ní òótọ́ ni Jìmí sọ.

Nígbà tó padà dé Àkànrán, ó ní kí wọ́n mú Lazarus jáde, kó lọ tú Lándírófà tí wọ́n ti wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni Fọlọ́runṣọ́, ọlọ́pàá tó ń wakọ̀ rẹ̀, wí, "ẹni tí a mú ló fẹ́ tú ẹ̀rí?"

"Ta ló kù lágbègbè yìí tó mọ̀ ọ́n tú? Ìwọ?"

Lazarus tú u wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bọ́ aṣọ lọ́rùn aláìsàn. Nígbà tí rọ́bà àkọ́kọ́ jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó ti wú bí ẹ̀wà tó sun inú omi mọ́jú, etí rẹ̀ sì ti ya. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí bákan náà.

Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lazarus tú ìdérí agolo kékeré tí epo búrékì ń gbé. Nǹkan pupa rúsúrúsú kan léfòó lórí epo náà. Ọláníran ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé e sí imú. Lọ́fínńdà ni.

Ó gbé ọwọ́ kejì kan iwájú orí ara rẹ̀, ó sì gbé òun náà sí imú. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Eruku ọ̀nà ti lẹ̀ mọ́ ojú irin lókè táyà kọ̀ọ̀kan, ní àwòrán àgbélébùú kékeré, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Ó ti rí wọn tẹ́lẹ̀, ó rò pé ẹrẹ̀ ni.

Nínú ọdún mẹ́tàdínlógún tó ti lò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, kò tíì fẹ́ kí òun ṣàṣìṣe rí bíi tọjọ́ náà.

Lazarus náà ti gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ ìlú ni, ó mọ ẹni tó ni ín.

"Ọ̀gá," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ kọ ọ́ pé rọ́bà ló bàjẹ́."

"Bí mo bá kọ bẹ́ẹ̀, ìwọ ló ń lọ sẹ́wọ̀n."

Lazarus rántí ìyàwó rẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, kò sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ọláníran pè wọ́n jọ sí ṣọ́ọ̀bù náà: Nọ́ọ̀sì Olúfúnmi, Jìmí, Lazarus, àti ìyá Akínwándé, tí wọ́n gbé àpótí fún láti jókòó. Àwọn ará ìlú dúró yí ọgbà ká.

"Lazarus kọ́," ló bẹ̀rẹ̀. "Rọ́bà kan náà wà lára ọkọ̀ Jìmí, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Jìmí náà kọ́, Alákìá ló wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òróró kan wọ inú agolo epo búrékì lẹ́yìn tí Lazarus ti parí iṣẹ́. Rọ́bà wú. Nígbà tó wú ni búrékì ń di ọkọ̀ mú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ya, kò sì sí búrékì mọ́. Ẹni tó da òróró náà kì í ṣe ọ̀tá. Kò mọ̀ pé ó lè ba nǹkan jẹ́. Kò sí ẹni tí a máa mú. Ẹ máa lọ sílé."

Ó ti ń kó ìwé rẹ̀ jọ. Ó gbà á ládùúrà pé kí wọ́n kàn lọ.

"Òróró wo?" ni ìyá náà bèèrè.

Ọláníran ń di ìwé rẹ̀.

"Ọlọ́pàá, mo ní òróró wo?" Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí abẹ́ aṣọ rẹ̀. Ó fa ìgò pẹlẹbẹ náà yọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. "Èyí ni?"

Ọláníran fẹ́ parọ́. Ó wá irọ́ náà, kò rí i.

"Ìyá, òun ni."

Ìyá náà ń wo ìgò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé.

"Òun ló fi hàn mí. Ó ṣí i, ó ní, ‘Ìyá, epo inú agolo yìí ló ń dá ọkọ̀ dúró. Bí kò bá sí i, mo gbé.’ N kò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní bó bá jẹ́ epo ló ń dá a dúró, èwo ló wá dára tó èyí tí a ti gbààwẹ̀ ọjọ́ méje lé lórí? Nígbà tó ń jẹun lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo fi ya àgbélébùú sára ọkọ̀ yíká, mo sì da púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú agolo. Díẹ̀ báyìí ni mo ṣẹ́ kù fún ara mi."

Jìmí ṣí fìlà. Nọ́ọ̀sì Olúfúnmi kúnlẹ̀ ti ìyá náà, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ìyá náà kò sunkún. Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sí Ọláníran.

"Ìyá, òfin kò mú yín. Ẹ ò mọ̀."

"Lazarus náà ò mọ̀. Ẹ tì í mọ́lé."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́."

"O ṣèlérí fún mi," ló wí. Kò pè é ní ẹ mọ́. "O ní ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́."

Ọláníran kò ní ẹjọ́ kankan tó lè kọ sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, òróró àárọ̀ ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ìyá náà kọjá lára rẹ̀, ó rìn dé ìdí Lándírófà ọlọ́pàá, ó gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì jókòó. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó yá, Fọlọ́runṣọ́ bọ́ sídìí ọkọ̀. Ó tẹ búrékì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó tan ẹ́ńjìnì.

"Ọ̀gá, ibo là ń lọ?"

Ọláníran yíjú sẹ́yìn. Ìyá náà ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé eékún, ó ń dúró dè é. Ọláníran kò rí ibì kankan dárúkọ.