Ẹni Tó So Rédíò Mọ́ Ọkọ̀ Aláboyún

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ méjì, dẹ́rẹ́bà ilé ìwòsàn kékeré kan ń fọ eruku lára ọkọ̀ tó ń fi bátìrì rìn, èyí tí wọ́n fi ń gbé aláboyún. Ọkọ àbúrò rẹ̀ sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà wá! Ọmọ ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá lára ìyàwó mi!"

Dẹ́rẹ́bà kó sínú ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnì. Ọkọ̀ ò dáhùn. Ó tún un tẹ̀. Ọkọ̀ pa kẹ́kẹ́! Bẹ́ẹ̀ bátìrì ńlá tó ń mú ọkọ̀ náà rìn ti kún dẹ́nu láti ọjọ́ Ẹtì.

Ọkọ̀ akérù ni wọ́n padà fi gbé obìnrin náà dé. Nọ́ọ̀sì dóòlà ẹ̀mí ìyá. Ọmọ ti kú.

Lọ́sàn-án, rewáyà kan tó mọṣẹ́ iná ọkọ̀ dáadáa ṣí iwájú ọkọ̀. Ó pòṣé.

"Ta ló so rédíò ìbánisọ̀rọ̀ yìí?"

"Àna ọ̀gá ilé ìwòsàn wa ni," ni dẹ́rẹ́bà fèsì.

"Kò kọ́ṣẹ́! Bátìrì méjì ló wà níbí. Ńlá tó wà nísàlẹ̀ ló ń yí táyà. Iná rẹ̀ ń pa èèyàn, ẹ má fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn rẹ̀ láé. Kékeré yìí ló ń jí ọkọ̀, òun náà ló yẹ kó fún rédíò níná. Ṣùgbọ́n fíúsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí rẹ̀, kí wáyà má baà gbiná, rédíò sì gbọ́dọ̀ kú bí ọkọ̀ bá ti kú. Èyí ò ní fíúsì, tọ̀sán-tòru ló sì ń mu iná. Bí kékeré bá ti gbẹ, ńlá ò wúlò."

"Mo sọ fún ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì pé rédíò ń fa iná," ni dẹ́rẹ́bà wí. "Ó ní kí n gbájú mọ́ sítíárìn mi. Mo sì dákẹ́. Èmi náà jẹ̀bi."

Ọ̀gá tó dúró tì wọ́n wúkọ́. "Ẹ ṣe sùúrù. Àmúwá Ọlọ́run ni."

Bàbá ọmọ bú jáde. "Ẹ má purọ́ mọ́ Ọlọ́run, sà! Ṣé Ọlọ́run ló gbéṣẹ́ fún àna yín?"

Àwọn ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn lé ọ̀gá lọ, àna rẹ̀ sì ń jẹ́jọ́. Ìyá ọmọ ṣì ń fún omi ọmú rẹ̀ dànù, torí kò sẹ́ni tó máa mu ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbéṣẹ́ fúnni, ẹ yé fi ẹ̀mí ọlọ́mọ ṣe ojú àánú fún ẹbí yín. Ìwọ òṣìṣẹ́ tó rí àléébù, bí wọ́n bá ní kó o panu mọ́, lọ bá ẹni tó ju ọ̀gá rẹ lọ. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá sin ẹnì kan.