Ẹni Tó Ń Gbé Sípánà Lé Ìyá Aránṣọ Lọ́wọ́

Òòlù ti bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Aránṣọ kí ó tó rántí pé òun nìkan ló wà níta.

Abẹ́ mọ́tò ló wà nígbà náà, ó nà gbalaja lórí páálí, ojú rẹ̀ kọ sí ikùn ẹ́ńjìnnì. Sítátà tó ti kú ló ń tú. Ó ti yọ wáyà orí bátìrì, ó ti fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè, ó sì ti gbé táyà inú búùtù sùn sábẹ́ rẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí jáàkì bá yẹ̀, orí táyà ni mọ́tò máa jókòó sí, kì í ṣe orí àyà òun. Àwọn sípánà rẹ̀ wà lórí aṣọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mọ́tò lápá ọ̀tún. Ó tò wọ́n láti orí kékeré dé orí ńlá, bó ṣe máa ń to abẹ́rẹ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá ṣáká fún iṣẹ́ aṣọ rírán.

Ṣùgbọ́n òòlù kò sí lórí aṣọ yẹn. Inú àpótí irinṣẹ́ ló wà, lẹ́bàá ògiri, ó sì tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tó sùn sí.

Ó rò ó padà. Ó ti ní, "Mẹ́tàlá," ó na ọwọ́, sípánà mẹ́tàlá dé. Ó ní, "Mẹ́rìnlá," mẹ́rìnlá dé. Kò tilẹ̀ fura, nítorí ọ̀nà tó mọ̀ nìyẹn. Ogún ọdún ni òun fúnra rẹ̀ fi dúró ti mọ́tò yìí kan náà, tí ọkọ rẹ̀ máa ń na ọwọ́ jáde láti abẹ́, tí á pe nọ́ńbà, tí òun á sì gbé irin lé e lọ́wọ́. Ọkọ kì í wo ojú rẹ̀, òun náà kì í wo ojú ọkọ. Tó bá ti gbé e fún un tán, á gbá ara mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, pò, pò, kí ọkùnrin náà mọ̀ pé òun ti fà sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn títí ọkọ fi kú lọ́dún tó kọjá.

Lókè orí rẹ̀, nǹkan gbá ara mọ́tò. Pò, pò.

"Màámi! Ọ̀gá mẹkáníìkì!" Ohùn ọmọ rẹ̀ ni, láti ojú fèrèsé pálọ̀. "Ṣé ẹ ṣì wà láyé níbẹ̀?"

"Mo wà o, Dúdú. Ṣé ìwọ lo jáde wá síbí nísinsìnyí?"

"Èmi tí wọ́n ní láti fà dìde lórí àga? Ẹsẹ̀ mi ti wú bíi búrẹ́dì. Ẹ sáà sọ fún mi bí mọ́tò yìí bá máa dáhùn lọ́la, kí n mọ̀ bóyá kí n ti máa fẹsẹ̀ rìn lọ látìsinsìnyí."

"Tó o bá fẹsẹ̀ rìn, ẹ̀bá ọ̀nà lo máa bí i sí. Lọ fẹ̀yìn lélẹ̀, jọ̀ọ́."

Dúdú rẹ́rìn-ín, ó pa fèrèsé dé. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Aránṣọ bí. Oyún rẹ̀ ti pé, ọmọ sì dábùú sí i nínú. Dókítà ti ní kí wọ́n gbé e dé láàárọ̀ ọ̀la fún iṣẹ́ abẹ, kí ìrọbí tó mú un. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lókè òkun. Ilé ìwòsàn jìnnà, mọ́tò yìí nìkan ni wọ́n ní. Sítátà gbọ́dọ̀ wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá Aránṣọ rọra yí orí sí ọ̀tún. Ẹsẹ̀ mọ́tò dí i lójú, ṣùgbọ́n ó rí orí bàtà méjì. Sílípáàsì rọ́bà aláwọ̀ ewé ni, èyí tí ọkọ rẹ̀ máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́, tí òun fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn gáréèjì láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ọmọìka tó wà nínú rẹ̀ funfun bíi ti ẹni tó tẹ eérú. Kò mira.

Ẹ̀rù bà á. Síbẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Dúdú," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé ẹ̀yin ni?"

Pò, pò.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Kí ni kó tún ṣe? Ó fi òòlù lu sítátà àtijọ́ títí tó fi dẹ̀, ó fà á bọ́, ó gbé tuntun wọlé. Ohun tó bá fẹ́ ń dé kí ó tó pè é. Aṣọ ìnuwọ́ dé. Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ tí yóò di sítátà mú dé, ó wọ ojú ihò rẹ̀, ó sì fi sípánà dè é pinpin. Iṣẹ́ kò tíì yá a lọ́wọ́ báyìí rí láyé rẹ̀.

Ó na ọwọ́ fún nọ́ọ̀tì kejì. Ó dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ ọ̀tún tó gbé e wá kò tètè lọ, ó dúró lórí ọwọ́ rẹ̀, ó tutù bí irin tó sun ìta mọ́jú. Àárò ọkọ sọ ọ́, ó dì í mú. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tọ àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka ojú abẹ́rẹ́.

Márùn-ún ni.

Ìka mẹ́rin péré ni Bàbá Dúdú ní lọ́wọ́ ọ̀tún. Fáànù ẹ́ńjìnnì yìí ló gé èyí tó tẹ̀lé àtàǹpàkò dànù, lọ́dún tí wọ́n ra mọ́tò náà, Ìyá Aránṣọ gan-an ló sì fi aṣọ di ojú egbò.

Ó tú ọwọ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó ń dúró de pò, pò. Kò gbọ́ ọ.

Ohun tó gbọ́ ni ìró rọ́bà tó ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ń fa táyà kúrò lábẹ́ mọ́tò, díẹ̀díẹ̀, títí ìmọ́lẹ̀ fi wọlé sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ jáàkì dún kíìn. Ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, ó fara kan bùbá rẹ̀.

Kò sí ọ̀nà tó lè gbà jáde láìwọ́ kọjá ẹ̀gbẹ́ jáàkì, ibẹ̀ ni sílípáàsì náà sì dúró sí. Gbogbo ohun tí òun bá béèrè ló ń gbé wá, ó rò ó lọ́kàn. Gbogbo rẹ̀.

"Bàbá Dúdú," ó ní. "Ibí yìí ṣókùnkùn. Ẹ bá mi mú tọ́ọ̀ṣì wá. Orí fìríìjì ló wà."

Jáàkì dákẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, nǹkan náà sọ̀rọ̀. Ohùn náà wá láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fi ẹnu kan ilẹ̀, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

"Ṣé kí n wọlé?"

Kò dúró rò ó. "Ẹ wọlé," ó ní. "Ẹ wọlé, ẹ lọ mú un."

Bàtà dún lọ sápá ilé ìdáná, pálá, pálá, pálá. Ìyá Aránṣọ fi ẹ̀yìn wọ́ ara rẹ̀ jáde, sìmẹ́ǹtì bó o nígbọ̀nwọ́. Nígbà tí yóò fi dìde, sílípáàsì méjèèjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tò síra wọn bíi ti àlejò tó mọ ìwà hù. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Wọ́n ti tì í láti inú.

Ìgbà náà ni ó tó yé e, ẹni tí òun rán wọlé àti ẹni tó wà nínú ilé.

Ó sáré yí ilé po dé fèrèsé pálọ̀. Kọ́tìnnì bò ó. Ó gbọ́ tí Dúdú ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti parí ẹ̀? Ẹ̀yin ọ̀gá!" Lẹ́yìn náà, ó mí sínú. "Ah, Màámi, ọwọ́ yín mà tutù o. Ẹ gbé e kúrò níkùn mi."

"Dúdú!" Ó di irin fèrèsé mú, ó ń mì í. "Dúdú, kì í ṣe èmi! Dúdú o!"

"Màámi," Dúdú béèrè, "ta ló ń pariwo yẹn?"

Ohùn Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn láti inú pálọ̀, pẹ̀lú híha díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú sùúrù rẹ̀.

"Ẹni tó ń bá wa tún mọ́tò ṣe ni. Má dá a lóhùn, ọmọ mi."