Orúkọ Tí A Gbà Lọ́wọ́ Ajá

Obìnrin náà wọ bàtà rọ́bà pupa, ó ń sáré létí òkun bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Afẹ́fẹ́ ti tú irun rẹ̀ ká. Níwájú rẹ̀, ajá dúdú kan ń lé àgùntàn Lachlann kiri inú yanrìn. Obìnrin náà kọjú sí omi, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ kígbe:

"Torcuil! Torcuil, máa bọ̀ nílé!"

Lachlann wà lórí àpáta, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Àwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Torcuil ni orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òkun gbé e lọ tòun ti ọkọ̀ rẹ̀, kò sì dá a padà. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó pe orúkọ yẹn sókè ní abúlé wa.

Ajá náà gbọ́. Ó sáré padà, ó dùbúlẹ̀ síwájú Lachlann, ahọ́n rẹ̀ yọ síta.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni obìnrin náà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọmọ ìgboro ni. Kò rí àgùntàn rí."

"Àwọn àgùntàn náà ò rí irú rẹ̀ rí."

Ó rẹ́rìn-ín. Rhona ni orúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n gbé wá láti Glasgow, tí yóò máa lọ láti ilé dé ilé tọ́jú àwọn arúgbó.

"Kí ni ẹ sọ ajá náà?" Lachlann bèèrè, bí ẹni tí kò gbọ́.

"Torcuil. Mo wá orúkọ yẹn títí. Ìyá àgbà mi ló gbọ́ èdè erékùṣù yín kẹ́yìn nínú ilé wa, èmi ò gbọ́ ọ. Mo ní, ó kéré tán, kí ajá mi jẹ́ orúkọ àwọn baba ńlá wa. Ṣé ó dára?"

Ojú rẹ̀ ń dán. Lachlann wo ojú náà. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́.

"Ó dára," ló wí.

"Tiyín ńkọ́?" Rhona tọ́ka sí ajá Lachlann tó dùbúlẹ̀ lórí àpáta.

"Moss."

"Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ ní èdè tó dùn báyìí, ẹ wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ajá lórúkọ?"

"Òun náà ò mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní erékùṣù Harris. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń sọ ajá lórúkọ, Gẹ̀ẹ́sì náà la fi ń pàṣẹ fún un. Orúkọ tiwa, ènìyàn ló ni ín. Ọwọ́ òkú ni ọmọ tuntun ti ń gbà á. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àmọ́ ta ni yóò fi ilé han àlejò?

Kò sẹ́ni tó fi hàn án. Ojú ń tì wá láti dójú ti àlejò. Bí Rhona bá ń pe ajá rẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin a rọra pa fèrèsé dé. Ó rò pé òtútù ni.

Ẹsẹ̀ Ìyá Peigi, tó bí Lachlann, ní egbò tí kò jinná. Rhona ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń dì í.

"Ẹ fi ajá sínú mọ́tò," Lachlann ti sọ fún un. "Ìyá mi ò fẹ́ràn ajá."

Irọ́ ni. Ìyá Peigi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ Moss nídìí tábìlì.

Lachlann ń hun aṣọ nínú ahéré ẹ̀yìn ilé. Bí Rhona bá ti di ẹsẹ̀ tán, a yà síbẹ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn.

"Dá òfì yìí dúró, jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ."

"Ohùn mi ò dùn tó òfì."

"Háà! Ẹni bá fẹ́ ọ, ajá ni yóò máa bá sọ̀rọ̀ nílé."

"Ta ló ní kó o fẹ́ mi?"

"Èmi kọ́. Bàtà mi ló ń gbé mi wá."

Ó hun ìborùn fún un, pupa bíi bàtà yẹn. Rhona fi bojú, kò fẹ́ kó rí omi ojú òun. Lọ́jọ́ náà, Lachlann la ẹnu láti sọ̀rọ̀ ajá. Ìtìjú pa ẹnu náà dé. Ọ̀rọ̀ tí a kò sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ńṣe ló ń wúwo sí i.

Ìgbà tí àgùntàn ń bímọ dé. Lọ́jọ́ kan, Rhona gbàgbé fèrèsé mọ́tò ní ṣíṣí. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń di ẹsẹ̀ Ìyá Peigi lọ́wọ́, nígbà tó gbọ́ igbe àgùntàn. Ó fò dìde, ó sì yọ orí lójú fèrèsé.

"Torcuil! Torcuil, máa bọ̀ nílé!"

Ìyá Peigi dìde. Kì í dìde láìmú ọ̀pá, ṣùgbọ́n ó dìde. Ó jáde sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ tí wọ́n fi ń di egbò ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ ṣíji bojú, ó ń wo òkun. Ó wò ó pẹ́.

Ajá dúdú sáré gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ìyá wo ajá. Ó padà lọ jókòó, ó na ẹsẹ̀.

"Máa dì í lọ, nọ́ọ̀sì," ló wí.

Rhona dì í tán. Ó wọ inú ahéré.

"Ta ni Torcuil?"

Lachlann dá òfì dúró. Ó sọ fún un.

"O mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Mo mọ̀."

"Gbogbo abúlé mọ̀. Mò ń ké pe òkú ọmọ yín kiri bí ẹni ń pe ẹran, ẹ ń kí mi pé ẹ káàárọ̀."

"Ojú ló tì mí."

"Ojú tì ọ́. Èmi ńkọ́, Lachlann? Níbo ni kí n gbé ojú tèmi sí?"

Lachlann wo ilẹ̀. "Mo tún fẹ́ máa gbọ́ orúkọ náà. Kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Tó o bá pè é, ó dà bíi pé ó kàn pẹ́ létí omi ni."

Rhona gbọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú ti tì í dé ẹnu ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà, ó fi okùn sí ajá lọ́rùn. Kò pè é mọ́. Ó dán orúkọ mìíràn wò nínú yàrá, ajá kàn ń wò ó. Ó ní kí wọ́n dá òun padà sí Glasgow, wọ́n gbà. Nọ́ọ̀sì mìíràn ló ń wá di ẹsẹ̀ Ìyá. Lachlann gbé ẹja sẹ́nu ọ̀nà Rhona. Ilẹ̀kùn kò ṣí. A kò gbọ́ ìró òfì mọ́.

Ìgbà tí Lachlann gbọ́ pé Rhona ń lọ, ó jẹ́wọ́ irọ́ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Èmi ni mi ò fẹ́ràn ajá?" Ìyá wo Moss lábẹ́ tábìlì. "O lẹ́nu, o wá fi ìtìjú ṣe ilẹ̀kùn fún un. Lọ pè é. Sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ọjọ́ tí yóò wọ ọkọ̀ ojú omi ni Rhona tó wá. Òjò ń rọ̀. Ó so ajá mọ́ géètì.

"Mú un wọlé," ni Ìyá wí.

Rhona mú un wọlé, ó sì kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Dìde, ilẹ̀ tutù."

"Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò tiẹ̀ pè é ní nǹkan kan mọ́."

"Ìyẹn náà ò dára. Ajá tí ò lórúkọ, olè ni wọ́n ń pè é."

Ajá ti lọ dúró níwájú iná. Ó na ọrùn, ó ya ẹsẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Ìyá Peigi wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Sgarbh nìyí," ló wí.

Sgarbh ni ẹyẹ dúdú tí ń na ìyẹ́ apá kó lè gbẹ lórí àpáta bó bá ti inú òkun jáde.

"Sgarbh!" Ìyá mú ẹja oníyọ̀ dání. Ajá lọ bá a. "Ó ti gbà á. Orúkọ ilẹ̀ wa ni, kò sì sí ènìyàn tó ń jẹ́ ẹ."

Rhona ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Torcuil ńkọ́, Màmá? Ṣé kò sẹ́ni tó máa pè é mọ́?"

"Mo ti gbà á lọ́wọ́ ajá. Kò gbọdọ̀ máa rìn kiri. Nílé yìí, ọmọkùnrin tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Èmi ti darúgbó, mi ò lè bí i." Ó kọjú sí Lachlann, tó dúró bí òpó lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ tún ti dákẹ́."

Ojú Lachlann pọ́n dé etí.

"Rhona, ojú ń tì mí."

"Mo mọ̀."

"Ojú ń tì mí, àmọ́ màá sọ ọ́. Má lọ. Fẹ́ mi. Jẹ́ ká jọ pa orúkọ náà mọ́ títí ẹni tó ni ín yóò fi dé."

Fèrè ọkọ̀ dún ní èbúté. Rhona fa abọ́ omi sọ́dọ̀, ó tún kúnlẹ̀.

"Ẹ na ẹsẹ̀ yín, Màmá. Ta ló di eléyìí bí ẹrù igi?"

Fèrè dún lẹ́ẹ̀kejì. Kò gbójú sókè.

"Lachlann," ló wí, "òjò ń pa àpótí mi nínú mọ́tò. Fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀."

Lachlann jáde lọ gbé e wọlé.