Àpótí Kẹtàlá Tí A Kò Kà

Ọjọ́ tí afárá Àká Iyè jóná ní Òkè-Ìtànsán, kò sí ẹni tó gbọ́ ariwo kankan. Òórùn díẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, bí òórùn ìyẹ́ adìyẹ tó kan iná, lẹ́yìn náà ni gbogbo iná ara ẹ̀rọ ńlá náà kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé sì pa rọ́rọ́.

Orí òṣùpá ni Òkè-Ìtànsán wà, ẹ̀yin tèmi. Bẹ́ẹ̀ ni, òṣùpá yìí náà tí ẹ máa ń gbójú sókè wò. Ní ayé ìgbà tí mò ń sọ yìí, àwọn èèyàn wa ti kọ́lé síbẹ̀, wọ́n ti gbin ilá sábẹ́ gíláàsì, ilá náà sì ń yọ̀ dáadáa, ó ń fà bí ó ṣe yẹ kí ilá fà. Ọmọ tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ayé rí ti pọ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tó ń bọ́ wọn ni irin wíwà lórí ìràwọ̀ pupa, ìràwọ̀ yẹn sì jìnnà. Oṣù méje ni wọ́n fi ń padà bọ̀.

Èèyàn ò lè la ojú sílẹ̀ fún oṣù méje nínú ọkọ̀, orí rẹ̀ á dàrú. Ohun tí wọ́n wá ń ṣe nìyí: bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á yọ iyè òṣìṣẹ́, wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ rán an wálé. Ìmọ́lẹ̀ kì í pẹ́ lọ́nà. Kí èèyàn tó jẹ iṣu tán, iyè ti dé. Ara á wá máa sùn bọ̀ lẹ́yìn nínú òtútù. Iyè á ṣáájú, ara á tẹ̀lé e, wọ́n á sì pàdé nílé. Ó wù mí bí wọ́n ṣe rò ó, mi ò ní purọ́.

Inú Àká Iyè ni iyè ti ń dúró de ara. Ẹ̀rọ ńlá kan ni, wáyà rẹ̀ sì gba gbogbo ìlú kọjá. Ẹnì kan, àpótí kan. Afárá ló wà láàárín ẹ̀rọ àti àwọn àpótí, pátákó kékeré kan bí àtẹ́lẹwọ́, òun ló ń gbé ohun inú àpótí wá. Afárá náà ní atukọ̀. Atukọ̀ kì í ṣe èèyàn o, ọ̀wọ́ àṣẹ tí wọ́n kọ ni. Ó ń sọ fún Àká pé àpótí báyìí ló wà lẹ́yìn, ọ̀nà báyìí ni kí o gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ohun tí atukọ̀ bá sọ ni Àká gbà. Bó bá ní mẹ́fà ni wọ́n, mẹ́fà ni Àká á rí, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ogún.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí ọkọ̀ balẹ̀ nígbà tí afárá jóná. Ara tí wọ́n bá ti yọ kúrò nínú òtútù, tí iyè ò tètè wọ̀ ọ́, kì í rí ọjọ́ kejì. Ni Tẹjúmádé bá gbé afárá tuntun wá. Ọ̀dọ́bìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ayé ló ti kàwé wá, kò tíì pé ọdún kan tó gba ipò Bàbá Ṣówándé tó dolóògbé. Ó so afárá mọ́ ẹ̀rọ, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò atukọ̀.

Ìyá Ìbíwùmí ló ń tọ́jú Àká. Òun nìkan ló lè wọ ẹ̀yìn aṣọ títa níbi tí àwọn àpótí wà, nítorí wọ́n ní ibi tí iyè èèyàn bá wà, ibi èèyàn ni, a kì í jẹ́ kí àlejò máa yọjú síbẹ̀. Ìbíwùmí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú wọn.

"Ìyá, mélòó ni àpótí tó wà lẹ́yìn?" Tẹjúmádé béèrè.

"Wọ́n pọ̀."

"Atukọ̀ ò gbọ́ 'wọ́n pọ̀', mà. Iye ló ń bi mí."

"Sọ fún un pé wọ́n pé."

Tẹjúmádé rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá kọ ọ́ báyẹn, ṣe ló máa yọ ahọ́n sí mi."

"Kó yọ ọ́ jáde. Àgbà ti rí ahọ́n rí. Tẹjú, ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"

"Wọ́n kọ́ mi, mà. Àmọ́ àpótí ni mo bèèrè, mi ò bèèrè ọmọ."

"Kí ló wà nínú àpótí?"

Tẹjúmádé yí àga rẹ̀ padà sí ìyá náà. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n ṣí ojú ẹ̀rọ yìí, kó fúnra ẹ̀ kà wọ́n. Àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbí ló dí i lójú. Ẹ ò ní kà á, èmi náà ò ní kà á."

"Ìyẹn ló burú jù. Èèyàn tó bá ka ọmọ lè gbàgbé iye tó kà. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé."

"Ìyá, ọjọ́ mẹ́ta ló kù."

Ìyá Ìbíwùmí gbé aṣọ títa sókè, ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde.

"Méjìlá," ló wí.

"Ó dá yín lójú, mà?"

"Mo ti sọ ọ́."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Mẹ́tàlá ni wọ́n. Ìyá náà ò purọ́ bí a ṣe ń pe irọ́. Bí wọ́n bá fipá mú olùtọ́jú Àká láti ka èèyàn, á ka tàwọn ẹlòmíràn, á fi tirẹ̀ pamọ́ sẹ́nu, kí aburú kankan tó bá ń gbọ́ má baà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Ṣówándé mọ̀. Bí wọ́n bá ti dárúkọ iye fún un, á ní "Ẹ ṣé, mà," á sì fi ọ̀kan kún un láìsọ̀rọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó kú. Kì í ṣe pé ó jẹ́ àṣírí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, ohun tí gbogbo ìlú bá sì mọ̀, ta ni í rántí sọ ọ́ fún àlejò?

Tẹjúmádé kọ méjìlá. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, iná tàn.

Ìyá Ìbíwùmí padà sẹ́yìn aṣọ títa. Iná méjìlá dúró gbọn-in, àwọ̀ ewé. Ti àpótí kẹtàlá ń ṣẹ́jú, wéréwéré, bí àyà ẹni tó sá eré wọlé. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó gbóná. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní wọn ò ka ọmọ òun, síbẹ̀ ọmọ òun ń ta pọ́únpọ́ún nínú ibẹ̀. "Ìbíwùmí," ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí irin náà, "o ò tilẹ̀ lè jókòó jẹ́ẹ́." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni iná náà fi ṣẹ́jú. Kò sinmi.

Ọkọ̀ balẹ̀. Wọ́n tẹ́ ara mẹ́tàlá sí Yàrá Ìtají. Ojú wọn là sílẹ̀, àyà wọn ń lọ sókè sódò papọ̀, àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí ilé tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ tí onílé ti jáde lọ ni wọ́n rí. Àwọn òṣìṣẹ́ yàrá náà, tí wọn ò mọ iye tí Tẹjúmádé kọ, dé fìlà wáyà tí iyè ń gbà wọlé lé wọn lórí.

Akínbádé ló kọ́kọ́ jí, aláwàdà ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ kan orúnkún òsì tó máa ń dùn ún. "Ta ló pa mí jí kí ọbẹ̀ tó jinná?" ló wí, gbogbo yàrá sì rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù ń jí tẹ̀ lé e. Ìbíwùmí ló gbẹ̀yìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ kan orúnkún òsì.

"Ta ló pa mí jí kí ọbẹ̀ tó jinná?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ń sín Akínbádé jẹ ni. Akínbádé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dìde jókòó. Ọmọbìnrin náà dìde jókòó. Wọ́n wo ara wọn, ẹnu méjèèjì sì là lẹ́ẹ̀kan náà:

"Ta nìyẹn tó ń fẹnu mi sọ̀rọ̀?"

Ẹ̀rín tán nínú yàrá. Tẹjúmádé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ẹ̀rọ dé, sún mọ́ ọmọbìnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

"Akínbádé ni mí," ohùn tín-ín-rín náà dáhùn. "Àbí ojú ń dùn ẹ́ ni?"

Tẹjúmádé sáré lọ sí Àká, Ìyá Ìbíwùmí tẹ̀ lé e lẹ́yìn. "Ìyá, ẹ dákun. Mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́tàlá," ni ìyá náà wí.

Tẹjúmádé fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ẹ mọ ayò, mà. Ojúlé méjìlá ló wà lójú ọpọ́n. Bí ọmọ ayò bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, ibo lẹ máa ń padà sí?"

"Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀."

"Ohun tí atukọ̀ ṣe nìyẹn. Wọ́n ní kó gbé ẹ̀kẹtàlá wá, kò mọ ẹ̀kẹtàlá, ó padà sí àkọ́kọ́, ti Akínbádé."

"Nígbà náà, kọ mẹ́tàlá síbẹ̀ báyìí. Kó gbé ọmọ mi wá. Ó wà níbẹ̀, mo rí iná ẹ̀."

Tẹjúmádé kọ mẹ́tàlá, ó ṣí àpótí náà. Àfọ́kù iyè àwọn méjìlá yòókù ló kún inú rẹ̀: ìdajì orin, orúkọ ọmọ ẹlòmíràn, ojú ọ̀nà kan tó ń padà yọjú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó wá a títí dé ìsàlẹ̀.

"Atukọ̀ máa ń wá ibi òfìfo tó lè sọ ẹrù kalẹ̀ sí bó bá ń ṣiṣẹ́," ló wí. "Àpótí tí wọn ò bá kà, òfìfo ni lójú ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń kọ sínú ẹ̀, tó ń nù ún, tó tún ń kọ ọ́. Iná tí ẹ rí nìyẹn, mà."

"Ṣé ẹ̀dà ò sí?"

"Òfin ìlú ni pé iyè èèyàn kan kò gbọdọ̀ di méjì."

Tẹjúmádé ní, "Èmi ni mo kọ ọ́." Ìyá náà ní, "Èmi ni mo sọ ọ́." Kò sí ẹni tó bá èkejì jiyàn.

Ìgbìmọ̀ ìlú ní kí wọ́n yọ iyè Akínbádé kúrò lára ọmọbìnrin náà. Ìyá náà bèèrè ohun tó máa kù. Wọ́n ní ara á kú kílẹ̀ tó mọ́. Ìyá náà kò gbà, ó fa ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ó mú un lọ sílé.

Ọmọbìnrin náà jókòó létí bẹ́ẹ̀dì Ìbíwùmí, ẹsẹ̀ gbalaja bí àgbà ọkùnrin, ó ń wo àwọn aṣọ tó wà lára ògiri bí ẹni ń wo ilé àlejò.

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ló wí. "Mo mọ̀ pé ara ọmọ yín ni mo wọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe dé inú ẹ̀. Ká ní ìyá tèmi wà láyé ni, òun ni ǹ bá sá tọ̀ lọ lónìí. Ó ti kú ṣá. Ẹ ò lè mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Ìyá Ìbíwùmí dáhùn. "Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó gbé e sin."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Iyè Akínbádé ló ń sunkún ìyá rẹ̀, àmọ́ ọ̀fun Ìbíwùmí ni ẹkún náà gbà jáde, pẹ̀lú ìsúkè kékeré tó máa ń wà láàárín rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá náà dì í mọ́ra. Ó pa ojú ara rẹ̀ méjèèjì dé, kò ní kó dákẹ́, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀.