Róòsì Tí Kì Í Rọ

Láàárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo ewé róòsì Fadérera já bọ́ sílẹ̀, kò dáná, kò sì wẹ̀. Ó jókòó ti igi òdòdó náà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yẹ̀ wọ́n wò. Àmì dúdú wà lára wọn, bí ẹni pé ẹnì kan fi ìka tó ní èédú tẹ̀ wọ́n. Kò mọ̀ bóyá àrùn ewé lásán ni, tàbí Ìbídùn ọmọ rẹ̀ ló ń kú lọ.

Láyé ìgbà náà, àwọn ọmọ ìlú Ìlóyìn a máa lọ ṣiṣẹ́ nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ ní Ìràwọ̀ Pupa. Oṣù mẹ́jọ ni ọkọ̀ òfurufú fi ń rìn kí ó tó délé, ọdún méjì méjì ló sì ń wá. Ohùn èèyàn kì í gba inú àpáta ibẹ̀ jáde. Nítorí èyí ni Ilé Ìwádìí Ewéko fi ṣe òdòdó-ìwọ́. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń ri ìwọ́ ọmọ mọ́lẹ̀ nínú ọgbà ilé. Àwọn onímọ̀ kàn gbin róòsì lé e lórí ni. Wọ́n fi hóró-ẹ̀jẹ̀ kan, tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ, sí abẹ́ awọ ọmọ, wọ́n fi ìkejì rẹ̀ sí gbòǹgbò róòsì. Kò lè gbé ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbé lílù ọkàn. Bí ara ọmọ bá le, igi á tanná. Bí ibà bá mú un, ewé á rọ. Bí ọmọ bá kú, igi á kú.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé róòsì náà ní àìsàn tirẹ̀. Àwọn ìyá a máa bomi rin ín, wọn a máa fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, wọn a máa gé ẹ̀ka tó ti kú, wọn a máa fi ọwọ́ pa kòkòrò lára rẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ tí ewé bá rọ, wọn kì í mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ ni tàbí ọmọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Fadérera kò fi fẹnu kan oúnjẹ. Nígbà tí ọkọ̀ dé lọ́dún kejì, ó bá lẹ́tà tí Ìbídùn kọ ní ọ̀sẹ̀ tí ewé já bọ́ yẹn gan-an. Ọmọ náà ní òun gbin ẹ̀wà sínú ike, ó sì so, àti pé òun ti sanra débi pé aṣọ iṣẹ́ kò wọ òun mọ́. Fadérera ka lẹ́tà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó wá bú sẹ́kún.

Ọdún yẹn náà ni Ọ̀mọ̀wé Akinlàbí ti Ilé Ìwádìí gbé oje àìrọ wá sí gbọ̀ngàn ìlú. Ó ṣàlàyé pé tí wọ́n bá da oje náà sí ìdí róòsì, igi á máa gbógun ti ọ̀gbẹlẹ̀, kòkòrò àti àrùn fúnra rẹ̀. Kò ní í nílò omi, kò ní í nílò ọ̀bẹ. Ohun kan ṣoṣo tí yóò kù tó lè mú un rọ ni ọmọ.

Efúnyẹmí, ìyá tó bí olóògbé ọkọ Fadérera, dìde. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá ẹ̀gún.

“Ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tí kò ṣàìsàn rí, tí ẹ bá ní orí ń fọ́ ọmọ, á ní kí ọmọ lọ sùn. Kí ni igi yín fẹ́ mọ̀ nípa ìrora?”

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Akinlàbí náà rẹ́rìn-ín, ó ní hóró-ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ fún un, ó sì ní Ìyá ì bá ti di onímọ̀ tipẹ́, bí kì í bá ṣe pé ìjà kòkòrò kò jẹ́ kí wọ́n ráyè.

“Kòkòrò tèmi ò tíì purọ́ fún mi rí,” ni Efúnyẹmí wí, ó sì jókòó.

Nígbà tí wọ́n délé, ó bẹ Fadérera pé kó jẹ́ kí òun máa bá a tọ́jú igi náà, pé òun ṣì lè gbé omi.

“Ìyá, kì í ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ ló ń pa mí,” ni Fadérera dáhùn. “Ẹ̀rù ni.”

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi da oje náà.

Láti ìgbà náà, róòsì ọ̀hún ń dán bí ẹni fi epo pa á. Nínú ọyẹ́ pàápàá, ó ń tanná pupa fòò. Fadérera bẹ̀rẹ̀ sí í sùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Láràárọ̀ ni yóò kí igi náà pé, “Ìbídùn, o jíire bí?”

Nígbà tí ọkọ̀ tún dé, òjíṣẹ́ kan gbé àpótí kékeré wá. Aṣọ iṣẹ́ àti ìyarun kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó sọ pé àpáta wó, pé Ìbídùn fi ọjọ́ mẹ́sàn-án jẹ̀rora kí ó tó kú. Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tó ti kú.

Fadérera di òjíṣẹ́ náà lọ́wọ́ mú, ó fà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

“Ẹ wò ó,” ó ní. “Ẹ ò rí i pé ó ń tanná ni?”

Ọkùnrin náà tẹrí ba.

Akinlàbí wá lọ́jọ́ kejì. Ó gbẹ́ ìdí igi, ó yọ hóró náà, ó fi awò kà á. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀. Fadérera ní kó sọ ọ́, ohun yòówù kó jẹ́.

“Ìyá, hóró sọ fún igi. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń sọ. Róòsì kà á sí àrùn, ó sì wo ara rẹ̀ sàn.”

Efúnyẹmí bi í léèrè nípa àwọn ilé yòókù tó da oje náà. Akinlàbí wo orí ọgbà kan dé òmíràn, níbi tí òdòdó ti pọ́n lọ dé ẹnu odi ìlú.

Efúnyẹmí kò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Ó lọ mú àdá wá. Fadérera gé igi náà mọ́lẹ̀, ẹ̀gún ya á lọ́wọ́ yánnayànna. Ìyá àgbà mọ̀ pé bí èèyàn bá ṣe gé róòsì tó ló ń rú tó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbé e láti sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, ọ̀mùnú mẹ́rin yọ. Fadérera hú gbòǹgbò. Èyí tó já sínú ilẹ̀ tún hù. Kí ogójì ọjọ́ tó pé, òdòdó ti bo ojú ibẹ̀.

Ó wà níbẹ̀ tó ń gé e nígbà tí Bàbá Fọlárìn, aládùúgbò rẹ̀, yọjú lórí ọgbà. Fọlárìn nìkan lọmọ tó bí, inú ihò kan náà lòun náà wà, ọkọ̀ kò sì ní í wá mọ́ títí di ọdún méjì.

“Ìyá Ìbídùn,” ó ní, “tèmi tanná láàárọ̀ yìí. Ṣé ó lè jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ?”

Fadérera gbé àdá kalẹ̀.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá.”

Ọkùnrin náà mi orí. Ó lọ gbé korobá, ó pọnmi kún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin róòsì tí kò nílò omi.